Ọmọ ń kà dé twenty, àmọ́ kò lè mú pẹ́ńsù márùn-ún wá

Ìbéèrè: Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó ń sọ ọ́ nílé nínú wọn. Láràárọ̀ la máa ń kọ orin òǹkà, wọ́n á gbé e láti one dé twenty láìsinmi. Àmọ́ bí mo bá ní kí ọmọ kan bá mi mú five pencils wá, ẹ̀kúnwọ́ ló máa bù wá. Tíṣà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n jáwọ́ nínú eré, kí n jẹ́ kí wọ́n máa kà á sí i títí yóò fi wọ̀ wọ́n lórí. Ẹlòmíràn ní eré nìkan ló lè kọ́ wọn. Wọ́n pọ̀ ní kíláàsì, ohun èlò mi ò sì tó nǹkan. Ti ta ni kí n gbọ́, eré wo ni kí n sì fi bẹ̀rẹ̀?

*

Ìdáhùn: Mo ti ka ohun tí àwọn tíṣà yòókù fi dá yín lóhùn níbí, n ó sì máa fèsì sí tiwọn náà bí mo ṣe ń lọ. Kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan. Ẹ pe ọmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un ní èdè tí wọ́n ń bá a sọ nílé pé kó mú pẹ́ńsù márùn-ún wá. Bó bá mú márùn-ún wá, ó ti mọ nǹkan kà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì mọ̀. Bó bá tún bu ẹ̀kúnwọ́ wá, kíkà gan-an ni kò tíì yé e, èdè yòówù kí ẹ fi bi í. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, eré tó wúlò fún ọ̀kan sì lè má kan èkejì rárá. Níbí yìí ni mo ti rí i pé àwa tíṣà ti ń ṣòfò àsìkò jù: a ó kó eré jọ rẹpẹtẹ láìtíì mọ ohun tó ń ṣe ọmọ.

Ẹ̀kúnwọ́ pẹ́ńsù yẹn kì í ṣe àìgbọràn o, kì í sì í ṣe pé ọmọ náà jẹ́ olódo. Ní 1990, Karen Wynn gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn ọmọ kéékèèké tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbọ́ dàgbà pàápàá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè fọwọ́ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì kà á lẹ́nu, àmọ́ bí a bá ní kí wọ́n fúnni ní four, wọ́n á kàn bù ún. One ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ̀ ní ti gidi, lẹ́yìn rẹ̀ two, lẹ́yìn rẹ̀ three, oṣù bíi mélòó kan sì lè wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọgbọ́n kíkà á wá yé wọn, tí wọ́n á lè fi kó iye yòówù tí ẹ bá dá lé wọn lọ́wọ́.

Ohun tó ń há wọn lọ́nà ni èyí: ọ̀rọ̀ tí a bá fi parí kíkà ni iye gbogbo ohun tí a kà. Lójú àgbà, ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó rí ni? Ẹ bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka òkúta mẹ́rin tán pé “how many?”, ẹ ó rí i pé yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti one. Ó rò pé ẹ ní kó tún kọ orin náà ni. Láti 1978 ni àwọn olùṣèwádìí méjì, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, ti la ohun tó wà nínú kíkà sí ìlànà márùn-ún, èyí sì wà lára wọn, pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ kan ni fún nǹkan kan àti pé ìtò àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà. Orin òǹkà ń kọ́ ọmọ ní ẹyọ kan péré nínú ìwọ̀nyí, ìyẹn ìtò. Ó dà bí oríkì tí ọmọdé há sórí: ó mọ gbólóhùn tó kàn, kò mọ ẹni tí òun ń kì.

*

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kígbe pé ká pa orin tì. Èmi ò ní pa á tì. Bí ọmọ ò bá mọ̀ pé seven ló tẹ̀lé six, kò sí eré tó lè gbà á sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń to ọ̀rọ̀ sórí ọmọ tó yá bí orin. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnu nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n lè máa la ẹnu lásán láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ọdún á fi parí, tíṣà ò sì ní mọ̀.

Ṣe ni mo máa ń da orin náà rú. Lónìí a bẹ̀rẹ̀ láti four, lọ́la láti seven. Ìgbà mìíràn, bí mo bá nawọ́ sókè, gbogbo ẹnu á pa mọ́, àmọ́ a ó máa kà á lọ nínú, a ó máa fi orí mì í. Tí mo bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, kí gbogbo wa jọ jáde sórí nọ́ńbà kan náà. Ẹ̀rín tó máa sọ nígbà tí àwọn kan bá jáde sórí nine tí àwọn kan ṣì wà ní six, ẹ ò ní fẹ́ kó tán.

Kíkà sẹ́yìn náà wà níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì á dìde dúró, a ó máa kà láti ten wá sílẹ̀, a ó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí nọ́ńbà ṣe ń dínkù, títí a ó fi lóṣòó ní one. Ní zero, gbogbo wa á fò sókè. Bí wọ́n ṣe ń pàdé zero nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí pátákó. Ọmọ tó ń ka twenty lọ síwájú láìfọwọ́kàn lè má lè kà láti five padà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Bọ́ọ̀lù tún dára ju orin lásán lọ. Ẹ jókòó yí ká, ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù ló máa pe nọ́ńbà tó kàn kó tó jù ú sí ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó lè fara pamọ́ sábẹ́ ohùn ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kan sì ni fún ìjùsí kan.

*

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀. Eré kan wà tí gbogbo ayé ń yìn: àwọn ọmọ ń sáré káàkiri, tíṣà á ké pé “four!”, wọ́n á so mọ́ra ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹni tó bá ṣẹ́ kù á jáde, á lọ jókòó. Eré náà dára. Jíjáde yẹn ni mi ò fara mọ́.

Ta ló ń kọ́kọ́ jáde? Ọmọ tí kò mọ four ni. Òun gan-an ló nílò eré náà jù, òun ló sì máa fi gbogbo ìyókù àsìkò wo ìran. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń gba ìdánrawò lọ. Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀: bí ọmọ 22 bá wà nínú eré, tí ẹ ké four, ọ̀wọ́ márùn-ún ló máa wà, ọmọ méjì á sì ṣẹ́ kù bó ti wù kí gbogbo wọn gbọ́n tó. Àwọn méjì wọ̀nyẹn ò ṣi nǹkan kan ṣe, ẹ wá ní kí wọ́n lọ jókòó bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Bí mo ṣe yí i nìyí. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù ló máa di olùkà. Wọ́n á lọ yí ká ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kà á síta: one, two, three, four, “four children!” Ọ̀wọ́ tí kò bá pé tàbí tó lé, àwọn ló máa tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ni wọ́n máa ké nọ́ńbà tó kàn. Láìpẹ́, ẹ ó rí àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ kù. Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀, àmọ́ wàhálà tí mo lè gbà ni.

Ẹnì kan ní bí kò bá sí ẹni tó ń jáde, eré ò ní gbóná. Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, òótọ́ ni. Àwọn ìyẹn lè jókòó yí ká kí wọ́n máa kà, kí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà nínú ìlọ́po three pàtẹ́wọ́ dípò kó pè é, ẹni tó bá ṣì í á jáde, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹ bá lé jáde máa sunkún ni, tàbí kó kọ̀ láti wọlé nígbà mìíràn. Aago ni mo fi ń mú eré wọn gbóná: ká wò ó bóyá gbogbo wa á lè so mọ́ra kí n tó kà dé ten. Bí wọ́n bá ṣe é, ká tún wò ó kí n tó kà dé eight. Wọ́n á ja ìjà náà tọkàntọkàn, kò sì sí ẹni tó fìdí rẹmi nínú wọn.

*

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èdè ilé kà, yóò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.” Èyí ti di òfin lẹ́nu àwọn kan. Mo takò ó pátápátá. Pé ọ̀rọ̀ tí a fi parí kíkà ni iye àpapọ̀, òye ni, òye ò sì ní èdè. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n nílé ò tún ní láti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ tuntun ló kù tó máa kọ́. Ẹni tí ẹ bá gba èdè ilé lẹ́nu rẹ̀ kó tó lóye, ẹ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé bí ọmọ bá fi èdè ilé kà á tó sì tọ́, mo ti gbà á wọlé. Èmi ni mo máa wá fi Gẹ̀ẹ́sì tún un kà, tí èmi àti ẹ̀ á jọ máa fọwọ́ kan àwọn nǹkan náà. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

*

Láti one dé ten kò fi bẹ́ẹ̀ le. Lẹ́yìn ten ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe wèrè. Eleven àti twelve ò sọ ohunkóhun fún ọmọ nípa ten tó wà nínú wọn. Thirteen àti fifteen yí three àti five padà. Fourteen pe four ṣáájú, twenty-four wá pe twenty ṣáájú, abájọ tí ọmọ tó gbọ́ fourteen fi ń kọ 41. Ní èdè Ṣáínà, ṣe ni wọ́n kàn ń sọ pé ten-one, ten-two, bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Kevin Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ Ṣáínà wé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1995, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín wọn títí dé ten. Ẹ̀yìn ten ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀. Ọmọ tó sì ń ka tiwa nílé, tó mọ̀ pé àrùn-ún tó dín nínú ogún ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà mìíràn ló gbà wọ inú fifteen.

Torí náà, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí a ti ọmọ lọ sí twenty kíákíá nítorí pé ó dùn ún gbọ́ létí òbí. Ẹ dúró sí ten pẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kọjá ten, ẹ ya àpótí mẹ́wàá sórí bébà, márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀. Kí ọmọ máa to ìdérí ìgò sínú wọn. Nígbà tó bá kún, èyí tó bá kù á wà níta. Ten wà nínú, three wà níta: thirteen. Ọ̀rọ̀ náà ò sọ ọ́, àmọ́ ojú ọmọ rí i.

Thirteen àti thirty ńkọ́? Eré ògiri méjì ni mo máa ń ṣe. Ògiri kan jẹ́ ti 13, 14, 15, èkejì jẹ́ ti 30, 40, 50. Bí mo bá pe ọ̀kan, kí wọ́n sáré lọ síbi tó yẹ. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ tíṣà ò kíyè sí nínú rẹ̀. Bí a bá pe thirteen lóun nìkan, ìparí rẹ̀ ni agbára máa ń wà, tó sì máa ń gùn. Thirty, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Àmọ́ bí a bá ń kà wọ́n lọ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, thirteen, fourteen, fifteen, agbára náà máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ tí ọmọ ì bá gbọ́ á sì pòórá. Nítorí náà, ẹ má fi orin kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ yìí. Ẹ máa pè wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìtò wọ́n.

*

Ẹni tó sọ pé dáìsì àti pátákó eré jẹ́ eré aláìníṣẹ́, ẹ jẹ́ kó wá gbọ́. Ní 2008, Geetha Ramani àti Robert Siegler mú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi láti ilé tí owó ò tó nǹkan, wọ́n fún wọn ní eré kan tó ní ojú mẹ́wàá lórí ìlà gbọọrọ kan, tí a kọ 1 dé 10 sínú wọn. Àwọn ọmọ yòókù ń ta irú eré kan náà, àmọ́ àwọ̀ ló wà nínú ojú tiwọn dípò nọ́ńbà. Gbogbo àsìkò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ta á ò ju bíi wákàtí kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ta ti nọ́ńbà tẹ̀ síwájú nínú kíkà, nínú mímọ nọ́ńbà lójú, àti nínú mímọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ó ṣì wà lórí wọn. Àwọn ti àwọ̀ ò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún fi pátákó roboto wò ó ní 2009, ti ìlà gbọọrọ ló ṣàǹfààní jù.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro láti rí. Bí ìlà bá ṣe ń gùn ni nọ́ńbà ṣe ń pọ̀, ni ìṣísẹ̀ ṣe ń pọ̀, ni àsìkò ṣe ń gùn. Ojú, ẹsẹ̀ àti etí jọ ń sọ ohun kan náà fún ọmọ.

Ẹ ò nílò pátákó kankan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ bí ìgbà tí a fẹ́ ta suwé, àmọ́ kó gùn tààrà láti 1 dé 10, kí ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ayò tó ń rìn. Ibi tí wọ́n ti ń ba eré yìí jẹ́ ni ohun tí ọmọ ń pè bó ti ń rìn. Bó bá wà lórí 5 tó sì ta 2, púpọ̀ nínú wa máa ń jẹ́ kó sọ pé “one, two”. Kó sọ pé “six, seven”, ìyẹn orúkọ ojú tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Elida Laski àti Siegler fi hàn ní 2014 pé ìyàtọ̀ kékeré yìí ló ń gbé èrè eré náà jáde. Ẹni tó ń sọ “one, two” ní gbogbo ìgbà ò ní ìdí láti wo nọ́ńbà tó wà nílẹ̀.

Fún àwọn tó kéré jù, ẹ lẹ bébà mọ́ ojú dáìsì kó jẹ́ 1, 2, 3 nìkan, lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Ojú èèyàn máa ń mọ iye tí kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ láìkà á rárá, ọmọ á tètè rí three kó sì pè é. Nígbà tó bá yá, dáìsì méjì tí a kò lẹ bébà mọ́. Bó bá ta four àti two, ẹ fi ọwọ́ bo èyí tí ó jẹ́ four, kó rántí four nínú, kó máa kà lọ láti ibẹ̀ sórí èkejì: five, six.

Eré ejò àti àkàsọ̀ tí àwọn kan dárúkọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọmọ tó bá dàgbà díẹ̀. Ojú 100 ti pọ̀ jù, ìlà kan ń lọ sí ọ̀tún, èyí tó wà lókè rẹ̀ ń padà sí òsì, ejò á tún wá gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀ kó tó mọ ibi tó wà. Ó dùn láti ta, mi ò jiyàn.

*

Ìka ọwọ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó. Mo ti rí tíṣà tó ń ní kí ọmọ fi ọwọ́ sẹ́yìn kó tó dáhùn. Fún kí ni? Ìka mẹ́wàá ni ohun èlò tí kò ní sọnù ní kíláàsì yín. Ẹ ké nọ́ńbà, kí wọ́n nà án sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìkà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé ta ló lè fi ọ̀nà mìíràn na five. Ẹnì kan á na four lọ́wọ́ ọ̀tún, one lọ́wọ́ òsì. Àròpọ̀ nìyẹn, ẹ ò tíì dárúkọ rẹ̀.

*

Àwọn tó ń béèrè bóyá kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe nínú eré: kí lẹ fẹ́ tún ṣe? Ọmọ ka pẹ́ńsù mẹ́ta, ó tọ́, ó ní “three pencil”, ẹ wá dá eré dúró torí s. Tàbí ó pe three bíi tree, ẹ ní kó yọ ahọ́n síta, kó tún un pè, gbogbo kíláàsì ń wò ó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ kàn dá a lóhùn pé “Yes! Three pencils,” kí ẹ gbé eré lọ. Bó bá gbọ́ ọ tó, yóò mú un. Ẹ lè ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún s.

Ohun kan ni mo máa ń tún ṣe lójú ẹsẹ̀, ìyẹn bí ọmọ bá ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí tó fo ẹyọ kan. Kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ o. Mo máa ń fi hàn án bí yóò ṣe máa sún èyí tó bá ti kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má tún padà sí i. Yóò yà yín lẹ́nu iye àṣìṣe tí sísún yìí nìkan máa ń mú kúrò. Ọwọ́ ni kì í bá ẹnu mu, orí pé.

*

Ti kíláàsì tó kún. Èrò tó gbilẹ̀ ni pé eré ò ṣeé ṣe níbi tí ọmọ bá ti pọ̀, ariwo á pọ̀ jù. Ariwo á wà. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan síwájú láti wá kà, ẹnì kan ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìyókù ń fún ara wọn ní èékánná. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ìdajì kíláàsì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo tó ní iṣẹ́ nínú nìyẹn. Bí ẹni tó wà ní kíláàsì kejì bá ń bínú, ẹ ní kí wọ́n máa kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọdé fẹ́ràn kíkà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Eré méjì-méjì tó dùn jù lójú mi ò ná nǹkan kan. Òkúta wẹ́wẹ́ márùn-ún àti ife kan. Àwọn méjèèjì jọ kà á: five. Ẹnì kan á di ojú, èkejì á fi ife bo díẹ̀ nínú wọn. “How many?” Bí méjì bá hàn síta, mélòó ló wà lábẹ́ ife? Wọ́n á ṣí i, wọ́n á kà á, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Bí ó bá ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ẹ fi kún un kó di six.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé bíńgò gẹ̀gẹ̀, ìyẹn eré tí a ti ń pe nọ́ńbà kí ọmọ fàmì sí i nínú káàdì rẹ̀, ó dára fún èrò púpọ̀, àmọ́ bí a ṣe ń ṣe é yẹn, etí àti àwòrán nọ́ńbà nìkan ló ń so pọ̀. Ọmọ lè jẹ bíńgò láìmọ ohun tí 7 jẹ́. Ẹ má pe nọ́ńbà náà. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n kà á fúnra wọn kí wọ́n tó fàmì sí 7. Tàbí kí ẹ pè é, kó jẹ́ àmì tótòtó ló wà nínú káàdì wọn. Nígbà náà, iye ti wọ inú rẹ̀.

*

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun fi èdè ilé bi ọmọ náà, ó sì mú márùn-ún pérépéré wá. Ó dáa, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù fún un, bọ́ọ̀lù àti ìlà ilẹ̀ ti tó o, ẹ má fi ife àti òkúta sú u, ohun tó ti mọ̀ nìyẹn.

Ó wá tún béèrè nípa ọmọ mìíràn tí kì í la ẹnu rárá nígbà eré, tó kàn ń wòran. Àwọn kan ti dá a lóhùn pé kó fi ipá mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ èdè kejì lè dákẹ́ pẹ́ kó sì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀. James Asher ti gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 tó jẹ́ pé ara ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, ẹnu á wá tẹ̀ lé e tó bá yá. Ọ̀nà yẹn bá òǹkà mu gan-an. “Jump three times.” “Touch two chairs.” “Give me four.” Ọmọ tó bá fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti dáhùn, ẹ ti mọ ohun tó mọ̀.

Ẹ fún un níṣẹ́ tí kò gba ohùn. Òun ló máa ta dáìsì. Òun ló máa fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ nínú ọ̀wọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń pè é. Òun ló máa bo òkúta mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kejì rẹ̀ bá kà á ṣì, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ó gbọ́. Bó bá sì di ọjọ́ kan tó ṣèèṣì sọ “two”, ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má ní kí kíláàsì yìn ín, torí ọ̀pọ̀ irú wọn ni ìyìn yẹn máa ń tún pa lẹ́nu mọ́. Ẹ gba dáìsì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e fún ẹni tó kàn.